Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́: Ọmọ Abẹ́òkúta Tó Ṣílẹ̀kùn ní Lọ́ńdọ̀nù

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ń pín iṣẹ́, méjì ló bọ́ sọ́wọ́ àwa alukoro. Èkíní ni pé kí a kọ ìtàn ẹgbẹ́ láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Èkejì ni pé kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ti kú tipẹ́, tó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. A rò pé èkíní ni yóò rọrùn, nítorí ojú wa ló ṣe. Irọ́ ni. Ìwé tí a kọ ìpàdé ọdún méjì àkọ́kọ́ sí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ìgbà náà ní òun ti gbé e fún akápò. Akápò ní inú bùùtù ọkọ̀ tí òun ti tà ni òun rí i kẹ́yìn. Àwọn tó jókòó ní ìpàdé àkọ́kọ́ gan-an, ẹnì kan ní mọ́kànlá ni wá, ẹlòmíràn ní mẹ́rìnlá ni, ó tilẹ̀ fẹ́ẹ̀ di ìjà. Ọdún mẹ́wàá péré nìyí o.

Ọkùnrin tí a mú fún iṣẹ́ kejì kú ní 1958. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí wọ́n ti bí nígbà náà. Síbẹ̀ a rí ọjọ́ tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, a rí iye ènìyàn tó wà níjókòó, a rí àdírẹ́sì àwọn ilé tí wọ́n lò. Bí a ṣe rí gbogbo rẹ̀ wà lára ìtàn tí a fẹ́ sọ.

Orúkọ rẹ̀ ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló pàdé orúkọ náà nílé ẹ̀kọ́ girama, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo: òun ló dá WASU sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ìlú ọba. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gbàgbé.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, láàárín ọdún 1880 sí 1890. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St Andrew's ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Sàró, níbi tó ti gba oyè kíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Ní 1922 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti sún mọ́ ogójì ọdún, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹni tó ti ṣe olùkọ́, tí àwọn ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀ kí, òun ló tún di akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá yàrá kiri ní Lọ́ńdọ̀nù.

Yàrá yẹn ni kí a dúró lé díẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí ń fi fóònù wá ilé, wọ́n á sì máa ráhùn pé owó ilé ti wọ́n jù. Ní ìgbà ayé Ṣólàńkẹ́, bí owó tilẹ̀ wà lápò, àwọ̀ ara ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Kò sí òfin tó sọ pé kí a ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí irú èyí tó wà ní gúúsù Amẹ́ríkà tàbí ní South Africa. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìjà náà le. Bí ìwé òfin bá wà, ẹ ó lè nawọ́ sí i pé òun rèé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, onílé á ṣílẹ̀kùn, á wo ojú rẹ, á ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá náà tán ni, á sì pa ilẹ̀kùn dé. Ilé kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Òtẹ́ẹ̀lì ń ṣe é, ilé oúnjẹ ń ṣe é, kò sì sí òfin ìjọba kan tó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀. Odidi 1965 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin àkọ́kọ́ lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ṣólàńkẹ́ ti kú ní ọdún méje ṣáájú.

Ohun tó kọ́kọ́ mú un jáde síta kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá. Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń palẹ̀ mọ́ fún àfihàn ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kó gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso jọ fún ìwòran. Ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ pé àwọn ará ilẹ̀ wa ń jẹ ènìyàn, wọ́n sì ń ṣe oògùn burúkú. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò dúró nínú ìwé ìròyìn. Onílé tó bá kà á láàárọ̀, kò ní gba ọmọ Nàìjíríà sílé nírọ̀lẹ́. Ṣólàńkẹ́ jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, ó já irọ́ náà ní koro, ó sì fi hàn bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ba ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́.

Lẹ́tà yẹn dé ojú Amy Ashwood Garvey, obìnrin ọmọ Jàmáíkà tó ti ṣe ìyàwó Marcus Garvey rí. Ó wá Ṣólàńkẹ́ rí, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní oṣù keje 1924, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá, wọ́n dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀. Ẹ wo bí ọmọ Ẹ̀gbá ṣe dúpẹ́ oore: Ìyálóde ni Ṣólàńkẹ́ fi obìnrin náà jẹ, oyè Abẹ́òkúta pọ́ńbélé, láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún kan náà ló sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò, wọ́n sì kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní èdè Yorùbá. Ẹni tí wọ́n ní ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ọ̀làjú, èdè ilẹ̀ rẹ̀ ló gbé jáde.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan kò tó o. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ 1925, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sàró, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún péjọ, wọ́n sì dá WASU sílẹ̀. Wọ́n wá láti Nàìjíríà, Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí, Sàró àti Gáḿbíà. J. B. Danquah ti Gold Coast wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ, Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé rí nínú ẹgbẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ààrẹ á parí sáà rẹ̀, á lọ, akọ̀wé ló ń gbé ẹrù. Orúkọ ẹgbẹ́ náà tún bá etí Yorùbá mu, nítorí ẹni tó bá gbọ́ WASU gbọ́ wàásù, Ṣólàńkẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ní 1926, Wàsù ni wọ́n pè é. Ọdún yẹn náà ló di lọ́yà.

Lọ́yà Èkó nígbà náà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó lè wọkọ̀ padà wálé, kó kọ́ ilé alájà méjì, kó máa fi fìlà gogoro jẹun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó gbé lọ́kàn, tó sì ní àlá ni òun ti rí i, ni pé àfi bí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tún ìwà ara wọn ṣe, ìyà àwọ̀ kò ní tán lórí wọn. Ó wá mú ọ̀rọ̀ náà dé orí ohun kan tó ṣeé fojú rí: ilé. Bí wọ́n bá ń tilẹ̀kùn mọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a ní ilẹ̀kùn tiwa.

Ní 1928, Marcus Garvey gba ilé kan fún wọn lò ní Castletown Road. Ọdún kan ni, ó sì parí. Owó kò sí. Ní 1929 Ṣólàńkẹ́ kọrí sílé láti tọrọ owó ilé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì lo ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ níbi tó bá dé. Aláké wà lára àwọn ọba tó di bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ìgbà yẹn náà ló ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òfin àti ìṣàkóso ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1931. Ẹni tó bá rò pé Lọ́ńdọ̀nù ti gba ọkàn rẹ̀ kúrò nílé kò mọ̀ ọ́n.

Àwa tí a ti tọrọ owó fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ yìí, tí a mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣèlérí láàárín ìlù àti agbo ijó, tí kò sì ní gbé fóònù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwa la lè mọ ohun tí ọdún mẹ́ta owó títọrọ jẹ́. Wọ́n ń fi sílè àti kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ìwé kékeré ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú owó àti pẹ̀lú ìyàwó. Ní 1932 ló gbé Ọpẹ́olú Ọbísànyà níyàwó, obìnrin tí ìtàn kò kọ tó, tí a rò pé ìdajì iṣẹ́ náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1933 ilé WASU ṣí ní nọ́ńbà 62, Camden Road. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó ní ibi tí ó lè gbé àpótí rẹ̀ sí. Oúnjẹ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn wà láti kà, ìjíròrò ń lọ, àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn òdodo náà ń wá jókòó gbọ́. Ìyá WASU ni wọ́n ń pe ìyàwó Ṣólàńkẹ́. Ẹni tí wọ́n ti lé lẹ́nu ọ̀nà méje kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ ronú ohun tí yóò jẹ́ fún un láti gbọ́ pé kí ó wọlé, kí ó jẹun.

Kò pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fèsì. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Colonial Office, kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú wà nínú ilé tí aláwọ̀ dúdú ń darí, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú bí ó ṣe wù wọ́n. Ní 1934 wọ́n ṣí ilé tiwọn, wọ́n sọ ọ́ ní Aggrey House, ní orúkọ Dókítà Aggrey ti Gold Coast tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Ilé dáadáa ni, wọ́n sì fi àwọn ẹni iyì ṣíwájú bí ẹni pé ìjọba kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣólàńkẹ́ àti WASU tẹ ìwé pélébé kan jáde ní ọdún yẹn, wọ́n tú àṣírí ètò náà fún aráyé, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má dé ibẹ̀. Ìjà yẹn le. Ẹni tí ebi ń pa ni o ń sọ fún pé kó má jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ní 1935 Paul Robeson, olórin àti òṣèré Amẹ́ríkà tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ̀ láti gbà wọlé ní 1929, gbà láti di bàbá ìsàlẹ̀ WASU.

Ibi tó dé yìí ni àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kì í fohùn ṣọ̀kan. Ilé Camden Road ń jẹ gbèsè. Rẹ́ǹtì ń bọ̀, bíìlì iná ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò tíì dé láti ilé kò lè san tirẹ̀, Ṣólàńkẹ́ kò sì lè lé e síta, nítorí kí wọ́n má baà lé ènìyàn síta ló ṣe ṣí ilé náà. Níkẹyìn ó bá Colonial Office sọ̀rọ̀. Ní 1938 WASU kó lọ sí ilé tó tóbi jù, nọ́ńbà 1, South Villas, ní Camden Square, owó ìjọba àti ti àwọn iléeṣẹ́ oníṣòwò ńlá sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó ti tà wá. Iṣẹ́ báńkì ni àwa ń ṣe, ọdún méjìlélógún rèé, a ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jókòó níwájú tábìlì wa pẹ̀lú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá jà mọ̀ pé ọwọ́ olówó á máa wà lórí ejìká òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbà á, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì tì, àwọn ọmọ inú ilé ńkọ́? Ní tiwa, a kò dá a lẹ́bi. Ohun tí a wò ni bóyá ó dákẹ́ lẹ́yìn tó gba owó náà tán.

Kò dákẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, WASU ń kọ ìwé sí ìjọba lemọ́lemọ́, wọ́n ní ọ̀rẹ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bíi Reginald Sorensen. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, igbákejì Churchill nínú ìjọba, wá bá WASU sọ̀rọ̀, ó sì fi hàn pé òmìnira tí wọ́n ṣèlérí nínú Àdéhùn Atlantic wà fún gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Churchill yí ọ̀rọ̀ padà nílé ìgbìmọ̀, pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí Jámánì gbà ni àwọn ní lọ́kàn. Ní 1942 WASU kọ̀wé béèrè pé kí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa ṣàkóso ara rẹ̀ nínú ilé. Ọ̀rọ̀ tó ti orí yàrá bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ yàrá náà kò sì tán. Ní 1943, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ láti gba Learie Constantine, gbajúmọ̀ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Trinidad. Ó gbé wọn lọ ilé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1944, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gínì márùn-ún péré ni adájọ́ ní kí wọ́n san. Ní ilé tiwa ńkọ́? Ìkòyí jẹ́ àdúgbò àwọn òyìnbó, ilé ìwòsàn wọn yàtọ̀ sí ti wa ní Èkó, ní ilẹ̀ baba wa. Ní oṣù kejì 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ Colonial Office fúnra rẹ̀, dé sí Bristol Hotel ní Èkó. Wọ́n ti fi yàrá pamọ́ fún un, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe òyìnbó. Cummings yìí kan náà ló ti jẹ́ alábòójútó Aggrey House ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà dá ariwo sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, oṣù kejì rẹ̀ ni Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin láwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ṣólàńkẹ́ wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní sáà yẹn. Láti 1944 sí 1948 ló tún fi rìn kiri, tó ń tọrọ owó fún ilé mìíràn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí ó sún mọ́ ọn, apẹ tí ó gbé ní 1929 náà ló tún gbé.

Ilé tuntun ọ̀hún ṣí ní Chelsea Embankment ní 1949. Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan bàjẹ́ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú WASU ti yàtọ̀. Kwame Nkrumah ti kọjá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ, àwọn tó tẹ̀ lé e ń fẹ́ òmìnira kíákíá, wọ́n ń ka ìwé àwọn sósíálíìsì, wọ́n sì ń wo Ṣólàńkẹ́ bí àgbàlagbà tó ń bá àwọn ọba àti ìjọba rẹ́rìn-ín jù. Awuyewuye owó náà wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di South Villas mú, ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé níbẹ̀ ní tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Kò lọ́rọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1958, ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ó ku ọdún méjì kí Nàìjíríà gba òmìnira.

Ibi tí ìtàn ìbá parí sí nìyẹn, bí kì í bá ṣe ìwà kan tí bàbá yìí ní. Kì í ju ìwé nù. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i àti èyí tí òun kọ, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọ̀rọ̀ owó, ìjà pẹ̀lú Colonial Office, ó tọ́jú wọn láti ilé dé ilé, bí wọ́n ti ń kó kiri Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé náà wà ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka, ní Gandhi Library. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Olúsànyà kọ odidi ìwé lórí WASU ní 1982. Hakim Adi, tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ tirẹ̀ ní 1998, ìwé Ṣólàńkẹ́ sì wà lára ohun tó fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ìbá ti rí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà tọ́jú ìwé. Fáìlì Colonial Office lórí WASU wà ní ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba wọn ní Kew títí di òní, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ̀wé síra wọn nípa bí wọn yóò ṣe mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí bọ̀ sípò. Ká ní Ṣólàńkẹ́ kò tọ́jú tirẹ̀, fáìlì àwọn tó ń bá a jà nìkan ni a ó máa kà. Onílé tó tilẹ̀kùn kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan pé òun tilẹ̀kùn. Ìyàsọ́tọ̀ tí kò ní òfin kì í ní ìwé, àfi ìwé tí ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ bá kọ. Ní báńkì, bí oníbàárà bá ní òun ti san owó, tí kò sì ní rìsíìtì, a ó bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìwé tiwa ni adájọ́ yóò kà.

Nígbà tí a ń wá ọ̀rọ̀ fún ìtàn yìí, a bi mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù bóyá àwọn ọmọ náà ti gbọ́ nípa Camden Road rí. Ẹnì kan ní ọmọ òun ń gbé nítòsí ibẹ̀. Kò mọ̀. A ti fi nọ́ńbà ilé náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó lọ wò ó fún wa. Ó ní kí a fún òun di Sátidé.

Ní ti ìwé ẹgbẹ́ tiwa, ọwọ́ ti ba díẹ̀. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa rí ìwé rìsíìtì owó oṣù ti ọdún àkọ́kọ́ nínú àpótí aṣọ òkè, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹ bá rí wọn lónìí. Orúkọ méjìlá ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà mọ́kànlá kọ́, mẹ́rìnlá kọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni kò tíì yọjú. Ó ní ẹ̀yìn líle aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí iwájú rẹ̀, igun kan sì ti ya. Ẹnikẹ́ni tó bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ akápò wa àná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ abẹ́ táyà ìpààrọ̀ wò. Akọ̀wé wà lórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, yóò gbà á lọ́wọ́ yín, yóò sì kọ rìsíìtì fún yín.